Kẹ̀kẹ́ fún ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ fún òkè: ọjọ́ méjì ní Cairngorms

Ẹ ní ọjọ́ méjì péré lẹ ní, ẹ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ẹ sì fẹ́ gun òkè Ben Macdui, láàárín àwọn òkè Cairngorms ní Skọ́tlándì. Ẹ jẹ́ kí Ben Macdui dúró ná. Mítà 1309 ni gíga rẹ̀, orí rẹ̀ sì tẹ́ lọ salalu. Bí ìkùukùu bá bolẹ̀, ẹni tí kò mọ máàpù àti kọ́ńpáàsì lò kò ní mọ ibi tí òun ń lọ. Fóònù kò tó gbẹ́kẹ̀ lé, òtútù a máa pa bátìrì.

Aviemore ni kí ẹ sọ̀ sí. Ọkọ̀ ojú irin tó ń fi òru rin láti Lọ́ńdọ̀nù ń dúró níbẹ̀. Àyè kẹ̀kẹ́ kì í pọ̀ nínú ọkọ̀, èmi a máa yá kẹ̀kẹ́ nílùú náà ni.

Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ gun òkè o. Òfin Skọ́tlándì ọdún 2003 gba ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ láyè láti gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá, bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní lé yín. Àmọ́ mo ti ti kẹ̀kẹ́ la òkúta àti ẹrẹ̀ dúdú orí òkè ibẹ̀ kọjá títí èjìká fi ń ro mí ju orúnkún lọ. Kò sí ìgbádùn níbẹ̀ rárá.

Láti Aviemore dé Glenmore tó nǹkan bíi kìlómítà 10, inú igbó igi páìnì ni apá tó dùn jù nínú rẹ̀, adágún Loch Morlich sì wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ so kẹ̀kẹ́ sí Glenmore. Ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá An Lochan Uaine, adágún kékeré tí omi rẹ̀ ń dán bí ewé tútù, títí dé ahéré Ryvoan, tí wọn kì í tì, tí ẹnikẹ́ni lè sá òjò sí. Ibẹ̀ lẹ ó ti yà sọ́wọ́ òsì gun Meall a' Bhuachaille, mítà 810. Ọ̀nà kejì yóò sọ̀ yín padà sí Glenmore, nídìí kẹ̀kẹ́ yín.

Ẹni tó ti gun òkè Ìdànrè yóò rò pé ooru àti àárẹ̀ ni ọ̀tá. Níbí, atẹ́gùn ni. Lórí òkè Cairn Gorm, tó wà ní òdìkejì níbẹ̀, ẹ̀rọ ka ẹ̀fúùfù tó ń sáré máìlì 173 ní wákàtí kan lọ́jọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1986. Òógùn tó bá rin aṣọ yín nígbà tí ẹ ń gùn ni atẹ́gùn yóò sọ di yìnyín sí yín lára lókè. Nínú ahéré yẹn ni kí ẹ ti pààrọ̀ aṣọ inú, kí ẹ wọ ibọ̀wọ́ àti aṣọ òjò kí ẹ tó jáde. Bí atẹ́gùn bá ti ń taari yín lẹ́nu ọ̀nà ahéré, ẹ padà. Mo ti padà níbẹ̀ rí, inú mi sì dùn pé mo padà.

Lọ́jọ́ kejì, orúnkún yóò ti máa ké. Ẹ kàn gun kẹ̀kẹ́ yí adágún Loch an Eilein ká, kí ẹ wo àwókù ilé olódi tó wà láàárín omi. Bó bá jẹ́ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ lẹ ń bọ̀, ẹ ra àwọ̀n ìbojú: kantíkantí ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn jókòó jẹun létí omi.