Ìwé Ẹ̀rí Iṣẹ́ Ọ̀dà Olójé: Ṣé Ti Ara Ẹni àti Ti Iléeṣẹ́ Ṣeé Sọ Dọ̀tun Pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iṣẹ́ ọ̀dà àti àtúnṣe ilé ni mo ń ṣe ní Chicago, èmi nìkan ni mo sì ni iléeṣẹ́ mi. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọ̀dà olójé tí mo gbà lẹ́yìn kíláàsì oníwákàtí mẹ́jọ yóò parí ní ọjọ́ 18 oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí EPA fún iléeṣẹ́ mi ṣì ku oṣù mẹ́rin. Ṣé mo lè dúró kí n sọ méjèèjì dọ̀tun lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun ti ṣe tòun. Ṣé òfin gbà á? Àbúrò mi sì ń pè mí wá kun ilé àtijọ́ kan ní Atlanta. Ṣé ìwé mi yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe dúró rárá. Lóòótọ́, abẹ́ òfin kan náà ni ìwé méjèèjì wà, ìyẹn òfin RRP, tó de iṣẹ́ àtúnṣe àti ọ̀dà kíkùn nínú ilé àtijọ́ tó lè ní ọ̀dà olójé, tí EPA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká, gbé jáde ní ọdún 2008, tó sì múlẹ̀ ní kíkún ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Síbẹ̀, wọ́n yàtọ̀ síra bí ìwé ìwakọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ìwé ọkọ̀: ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, èkejì jẹ́ ti iléeṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ onílé. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ bíi tiyín gbọ́dọ̀ ní méjèèjì, kí méjèèjì sì wà láàyè lọ́jọ́ iṣẹ́.

Ti ara yín ló ń jó lórí iná báyìí. Ẹ gbọ́dọ̀ parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìsọdọ̀tun, tí í ṣe wákàtí mẹ́rin, kí ọjọ́ 18 yẹn tó kọjá. Òfin náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá pẹ́, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ bá yín, kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ oníwákàtí mẹ́jọ ni ẹ óò padà sí bí ẹni tí kò ṣe é rí. Títí ẹ óò fi ṣe é, ẹ kò gbọdọ̀ darí iṣẹ́ nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1978, ọdún tí Amẹ́ríkà fi òfin de òjé nínú ọ̀dà ilé, bí iṣẹ́ náà yóò bá tú ọ̀dà tó ju ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú-lóròó nínú yàrá kan tàbí 20 ní ìta. Ti pípààrọ̀ fèrèsé kò tilẹ̀ ní ìwọ̀n kankan; bó ti wù kí fèrèsé náà kéré tó, òfin kàn án.

Ẹ kò ní fi fọ́ọ̀mù kankan ránṣẹ́ sí EPA fún èyí. Olùkọ́ tí EPA fọwọ́ sí ni kí ẹ wá, kí ẹ sì mú ìwé ẹ̀rí àtijọ́ yín dání, nítorí láìrí i, wọn kò lè fi yín sínú kíláàsì ìsọdọ̀tun. Òun náà ni yóò fún yín ní ìwé tuntun tí ẹ óò máa mú dání lọ síbi iṣẹ́.

Ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rẹ́ yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ìsọdọ̀tun tí kò ní ìfọwọ́ṣe, tí ẹ jókòó sílé ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ọdún mẹ́ta ni yóò fún yín. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ ṣe níwájú olùkọ́ yóò fún yín ní ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá sì ṣe ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí gbọ́dọ̀ ṣe onífọwọ́ṣe nígbà tó bá tún kàn án. Bí ẹ kò bá rí kíláàsì onífọwọ́ṣe tó bọ́ síwájú ọjọ́ yín, ẹ ṣe ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kíákíá, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ bá rí i, òun ni mo fara mọ́, kì í sì í ṣe nítorí ọdún méjì tó fi lé e nìkan. Ọ̀pọ̀ pẹ́ńtà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni kì í rántí àyẹ̀wò ìmọ́tótó ìparí bó ṣe yẹ: ẹ ó fi aṣọ funfun olómi tí a ń lò sọ nù nu etí fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹ ó fi òmíràn nu ilẹ̀, aṣọ kan kò gbọdọ̀ kọjá 40 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó, ẹ ó wá gbé aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì tí EPA ṣe láti fi wé e. Bó bá dúdú ju ti káàdì lọ, ẹ ó tún ibẹ̀ fọ̀, ẹ ó sì tún un nù. Bó bá tún kùnà, ẹ ó dúró fún wákàtí kan, tàbí títí ibẹ̀ yóò fi gbẹ bí ìyẹn bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó fi aṣọ gbígbẹ tó ń fa eruku mọ́ra nù ún. Wíwo èyí lójú kọ̀ǹpútà kò dà bíi kí olùkọ́ gba aṣọ lọ́wọ́ ẹni kó ní, "Ẹ lọ tún un nù."

Ó wá ku ti iléeṣẹ́. Ọdún márùn-ún lòun náà, 300 dọ́là ni owó rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì EPA ni ẹ ó sì ti kọ̀wé béèrè. Ibi tó ti ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ìwé ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ wọlé ní ó kéré tán 90 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ tí èyí tó wà lọ́wọ́ yóò parí. Bó bá wọlé lásìkò, tó sì pé, EPA ìbáà pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, ìwé àtijọ́ yín kò ní kú títí wọn yóò fi ṣèpinnu. Bó bá wọlé nígbà tí ọjọ́ tó kù kò tó 90 mọ́, tí wọn kò sì tíì fọwọ́ sí i nígbà tí ọjọ́ pé, iléeṣẹ́ yín kò ní ìwé mọ́ nìyẹn, ẹ ó sì so ọwọ́ iṣẹ́ rọ̀. Oṣù mẹ́rin tí ẹ ní ku yìí, bí oṣù kan péré ni ẹ fi lè jókòó tì í. Bí ẹ bá ti yí orúkọ iléeṣẹ́ tàbí àdírẹ́sì padà láti ìgbà tí ẹ ti gbà á, ìyẹn náà ní àtúnṣe tirẹ̀, láàárín 90 ọjọ́ tí ìyípadà bá wáyé.

Ní ti Atlanta, Illinois wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí EPA fúnra rẹ̀ ń bójú tó, ṣùgbọ́n Georgia ń ṣe tirẹ̀ lábẹ́ àṣẹ EPA, bíi Massachusetts, Rhode Island, North Carolina àti àwọn mìíràn. Ìwé tí EPA fún iléeṣẹ́ yín kò ní agbára níbẹ̀. Kí ẹ tó sọ iye owó iṣẹ́ náà fún àbúrò yín, ẹ kọ́kọ́ bá ẹ̀ka ìjọba Georgia tó ń rí sí ààbò àyíká sọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ fún yín ohun tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yín àti bóyá wọn yóò tẹ́wọ́ gba kíláàsì tí ẹ bá ṣe ní Chicago.