Kí ló dé tí oògùn fi ń tètè di bárakú fún obìnrin?

Ẹ ní àbúrò yín obìnrin ní Ìkòròdú ń lo tramadol sí inú rírun nǹkan oṣù, àmọ́ kò lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà burúkú rárá. Iye ọkùnrin tó ń lo oògùn olóró ju ti obìnrin lọ, ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ti bẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń yára di bárakú fún un. Họ́mónù estrogen wà lára ohun tó ń fà á: ó ń mú kí dopamine, èròjà tó ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ adùn, pọ̀ sí i. Progesterone, họ́mónù obìnrin mìíràn, máa ń dín in kù. (Orí kokéènì ni ẹ̀rí èyí ti lágbára jù.) Ti ọtí tún yàtọ̀: omi ara obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, nítorí náà ìgò bíà kan náà ń pa á jù.

Àwọn obìnrin kan kì í tìtorí fàájì lò ó. Ìrora, àìsùn tàbí ìbànújẹ́ ni wọ́n ń fi pa. Ìtìjú á wá jẹ́ kí wọ́n fi pamọ́. Torí náà, ẹ wá nǹkan ṣe sí inú rírun náà: ibuprofen lẹ́yìn oúnjẹ máa ń ṣiṣẹ́ fún un, bí kò bá ní ọgbẹ́ inú tàbí oyún.

Ẹ má ṣe gba tramadol náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Òógùn, ìgbẹ́ gbuuru àti àìsùn ló máa tẹ̀ lé e. Bó bá sì lóyún, ó léwu fún ọmọ inú. Dókítà ni kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ń tọ́jú irú èyí. Bí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ.