Iṣẹ́ iléèwé lórí ìtàn abúlé: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí wa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá sí abúlé kan ní England níbí. Tíṣà ní kí ọmọ wa, tó wà ní Year 6 (kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀), kọ ìtàn abúlé náà àti párìṣì rẹ̀. Ìlà méjì péré la rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àbójútó, ẹ̀gbọ́n mi. Párìṣì ni àgbègbè kékeré tí wọ́n pín ilẹ̀ sí. Oríṣi méjì ló wà: ti ṣọ́ọ̀ṣì, tó wà lábẹ́ fíkà (àlùfáà ìjọ), àti ti ìjọba, tí òfin 1894 fún ní ìgbìmọ̀ tàbí ìpàdé tirẹ̀. Ààlà wọn lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ tètè wádìí méjèèjì.

Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ gbájú mọ́. Lọ́dún 1538 ni Thomas Cromwell, mínísítà Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí gbogbo párìṣì máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Record office, ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ti county (ẹkùn) yín, ni púpọ̀ nínú wọn wà báyìí. Ẹ kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ sì mú pẹ́ńsù dání, torí wọn kì í gba báírò láàyè. Àlàfo máa ń pọ̀ láàárín 1642 sí 1660, nítorí ogun abẹ́lé ilẹ̀ England àti rúkèrúdò tó tẹ̀ lé e. Bí ìwé kan bá sọnù, ẹ bèèrè bishop's transcripts, ẹ̀dà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún láti 1598.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni ọjọ́. Kó tó di 1752, ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní England. Tọkọtaya tó ṣègbéyàwó ní oṣù Karùn-ún 1720 lè ṣèrìbọmi ọmọ ní oṣù Kejì "1720", kó wá dà bíi pé ọmọ ti ṣáájú ìgbéyàwó. 1721 ni lójú tiwa. Kí ọmọ kọ ọ́ sí 1720/21.

Láti 1813, fọ́ọ̀mù ìrìbọmi ní àyè fún iṣẹ́ bàbá. Kí ọmọ mú ọdún mẹ́wàá, kó ka iye alágbẹ̀dẹ àti lébìrà oko, kó fi wé ìkànìyàn 1841.

Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn dúdú wà nínú ìtàn yìí. Sàréè Scipio Africanus, ìránṣẹ́ tó kú lọ́dún 1720 lẹ́ni ọdún 18, ṣì wà ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì Henbury, ní Bristol.

Fún oko àti ilé, ẹ bèèrè tithe map, máàpù ìdámẹ́wàá. Òfin 1836 ló sọ ìdámẹ́wàá irè oko di owó, wọ́n sì ya máàpù tó fi ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ń dáko níbẹ̀ hàn. Bí abúlé yín kò bá ní, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yanjú ìdámẹ́wàá nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ gbogboogbò. Enclosure map, máàpù ìpín ilẹ̀ náà, ni kí ẹ bèèrè nígbà náà.