Jẹ́ kí akọni ẹ jà ná kó o tó wọṣọ fún un

Àbúrò wa tó kọ̀wé láti Kubwa, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní o fẹ́ ṣe géèmù RPG, irú èyí téèyàn ti ń darí àwọn akọni tó ń rìnrìn àjò tó sì ń jà, onílẹ̀ àròsọ, iwin wà níbẹ̀, ìlú olódi wà níbẹ̀, RPG Maker MV, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀, lo fẹ́ fi ṣe é, o wá ń béèrè pé ṣé akọni mẹ́ta ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ àbí mẹ́rin, àti pé ṣé ìtàn wọn lo máa kọ́kọ́ kọ àbí àwòrán wọn lo máa kọ́kọ́ yà. Mo rí i pé àwọn tó dáhùn ṣáájú mi ń sọ pé kó o jókòó kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn látọjọ́ ìkómọjáde. Kí wọ́n má bínú sí mi o, mi ò gbà. Kì í ṣe ìtàn, kì í ṣe àwòrán. Ohun tí ẹni tó ń gbá géèmù ẹ máa fi akọni yẹn ṣe, tí kò lè fi òmíì ṣe, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ wá.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ torí ojú mi rí màbo. Ètò kan wáyé ní Abuja níbí, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ fowó ran àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe géèmù lọ́wọ́. Mo gbé tèmi lọ. Nígbà yẹn àpótí aláwọ̀ lásán làwọn akọni mi: pupa ń gbá ọ̀tá, àwọ̀ ewé ń wo èèyàn sàn, dúdú ń pe ọfọ̀. Kò sí ojú, kò sí imú, àmọ́ ìjà yẹn dùn jàre, àwọn ọmọ kọ́ńpáǹdù wa ní Nyanya ń jà sí fóònù mi nítorí ẹ̀, ọmọ Gbagyi, ọmọ Tiv, ọmọ Hausa, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí lorúkọ àpótí pupa, "èyí tó le" ni wọ́n ń pè é. Mo gbé e síwájú àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù nínú ooru oṣù kẹta, tó ní onímọ̀ géèmù lòun (mi ò tíì rí géèmù kan tó ṣe títí dòní), fọwọ́ kan fóònù náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Culture dà níbẹ̀?" Mo ní sà, ọfọ̀ ni dúdú yìí ń pè, tí ọ̀tá bá gbá a kó tó pè é tán... kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní kí n lọ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní "character bible", ìyẹn ìwé tó sọ gbogbo nǹkan nípa akọni kọ̀ọ̀kan, kí n sì ya àwọn akọni náà kó hàn gbangba pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, kí àgbádá wà, kí ìlẹ̀kẹ̀ wà, kí ilà ojú wà, kí ti Hausa dé láwàní, kí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ara bàbá-rìgá ẹ̀ hàn dáadáa.

Ló bá di ìwé kíkọ. Pupa di bàbá ọdẹ, àwọ̀ ewé di ìyá alágbo, dúdú di ọmọ awo. Oúnjẹ wo ni ìyá alágbo fẹ́ràn jù? Ta ló bí bàbá ọdẹ? Àwọ̀ wo ló wu ọmọ awo? Ìbéèrè tiwọn ni o, fọ́ọ̀mù ni wọ́n fún wa. Ta ló máa bi ìyá alágbo ní oúnjẹ tó wù ú nígbà tí iwin bá dúró lé e lórí? Kò sí bọ́tìnì kankan nínú géèmù náà tó lo èyíkéyìí nínú ẹ̀.

Mo wá ayàwòrán kan ní Kaduna, ọmọ náà mọ iṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ya ọdẹ yẹn gbàgàdà sójú kọ̀ǹpútà, fọ́nrán òwú ara sányán ẹ̀ o lè kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, pélé mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, àdó lọ́rùn, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá ku ká gbé e wọnú géèmù. Àbúrò, àyè tí MV sábà máa ń fún ẹni tó ń rìn lórí ilẹ̀ ò ju pixel (ẹ̀kún àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán) 48 ní ìbú àti 48 ní òró lọ. Ojú, apá, ẹsẹ̀, fìlà, inú ẹ̀ ni gbogbo wọn máa gbé. Sányán di ẹrẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ di ojú kan pupa tó dà bí egbò. Pélé yẹn ńkọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kọ́ńpáǹdù wò ó títí, ó ní, "Uncle, kí ló ń pa á lẹ́kún?"

Ó tún kù o. Kí akọni kan ṣoṣo tó lè rìn, àwòrán 12 lo máa yà: ọ̀nà mẹ́rin, ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Tó bá jẹ́ ìjà tí wọ́n ń wò láti ẹ̀gbẹ́ lo fẹ́, side-view, ìṣesí 18 ni MV ń béèrè, àwòrán mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹn 54. Fi 12 kún un, 66 fún ẹnì kan, 264 fún mẹ́rin, a ò tíì sọ ti ojú ńlá tó máa ń hàn tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ wá wo ọ̀gá yẹn tó ń pè mí lórí fóònù pé fìlà ọdẹ ò tẹ̀ sọ́tùn-ún tó. Fìlà o! Inú àwòrán 66 ni fìlà yẹn wà! Ayàwòrán ń gbowó lórí àtúnṣe, ó sì tọ́ sí i, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bíi pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, ọfọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan tún ń fẹ́ àwòrán tiẹ̀, owó sì ti tán sórí fìlà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gé ọgbọ́n ìjà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku kí èèyàn máa tẹ bọ́tìnì kan náà ṣáá. Nígbà tá a gbé e padà, wọ́n ti gbé ọ̀gá yẹn lọ síbòmíì, obìnrin tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ wò ó, ó ní ó rẹwà gan-an, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n kí lèèyàn ń ṣe nínú ẹ̀?" Èmi ni wọ́n ń bi o.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún ẹ pé àpótí ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Kọ gbólóhùn kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe, kó má jẹ́ irú èèyàn tó jẹ́. Ọdẹ ń rí iwin tó fara pamọ́. Ìyá alágbo ń wo èèyàn sàn, àmọ́ àgbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hó kó tó ṣeé mu, nígbà tó bá tún kàn án ló máa tó bù ú. Ọmọ awo ń pe ọfọ̀ tó le, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbá a kó tó pè é tán, ọfọ̀ bàjẹ́. Wò ó bí àwọn mẹ́ta yìí ṣe ti nílò ara wọn láìjẹ́ pé o kọ ìtàn kankan: ọdẹ gbọ́dọ̀ fara ẹ̀ dí ọmọ awo títí ọfọ̀ á fi parí, ìyá alágbo gbọ́dọ̀ gbé àgbo kaná kó tó di pé ẹnikẹ́ni fara pa, tó bá pẹ́ jù, èèyàn kan ti kú nìyẹn, wọ́n á máa bá a jà lójú ọ̀nà. Ìtàn ti ń yọjú fúnra ẹ̀. Tó o bá kọ ọ́ pé "onígboyà ni, ó fẹ́ràn ẹbí ẹ̀", kí ni bọ́tìnì fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Nọ́ńbà wọn wá kù. Àwọn kan á máa sọ fún ẹ nípa òṣùwọ̀n mẹ́fà tó wá látinú géèmù orí tábìlì Dungeons & Dragons ní 1974, agbára ara, ìyára, ìfaradà, ìmọ̀, ọgbọ́n, àti ohun tó ń fa èèyàn mọ́ni. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ RPG ti jogún tiwọn, àmọ́ MV ti ní mẹ́jọ tiẹ̀, lo ìyẹn. Èyí tó o máa fojú sí ni ìṣirò ìjà tó bá a wá: ATK (agbára ìgbáni) ẹni tó ń gbá lọ́nà 4, kó o yọ DEF (agbára ìdáàbòbò) ẹni tí wọ́n ń gbá lọ́nà 2 kúrò. Ká ní iwin ẹ ní DEF 15 àti HP (ìwọ̀n ẹ̀mí ẹ̀) 360. Ọdẹ ní ATK 30: 120 yọ 30, ó ku 90, ẹ̀ẹ̀mẹrin tó bá gbá a, iwin ti sùn. Ìyá alágbo ní ATK 12: 48 yọ 30, 18 ló kù, ogún ìgbà ló máa gbá a. MV á máa fi díẹ̀ lé e, á máa dín díẹ̀ kù, àmọ́ bó ṣe rí gan-an nìyẹn. O wá rò ó pé arúgbó ni ìyá yìí, o fún un ní ATK 7: 28 yọ 30, òdo ló máa jáde. Ẹni tó ń gbá géèmù á rí òdo, á tún rí òdo, á pa fóònù dé. Torí pé yíyọ ni ìṣirò yẹn, tí nọ́ńbà bá ti kéré nísàlẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tó o bá yí lè sọ akọni kan di ẹrù. Kò sí ìkankan nínú àwọn onímọ̀ yẹn tó sọ èyí fún mi, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń bi mí. Bó o ṣe máa tẹ̀ wọ́n sínú Database, ibi tí MV ń kó nọ́ńbà sí, o mọ ìyẹn, mi ò ní dá ẹ dúró.

Tí ìjà bá ti dùn, pe ayàwòrán nígbà náà. Sọ fún un kó kun gbogbo wọn dúdú kirimú ná, tó o bá ṣì lè dá wọn mọ̀ nínú pixel 48 yẹn, ó dáa. Ọrun tó yọ lẹ́yìn ọdẹ, igbá lórí ìyá alágbo, láwàní ńlá, àwọn yẹn máa ń hàn. Sányán àti pélé, kó wọn sínú àwòrán ojú, MV fún ìyẹn ní 144 sí 144, ó gbà wọ́n.

Ẹn-ẹ́n, mo fẹ́ gbàgbé, kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ara yín, ẹ kọ ìwé. Pẹ̀lú òfin copyright wa ti 2022, òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́, ẹni tó ya àwòrán ló ni ín, àyàfi tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ lo máa ni ín. Owó tó o san nìkan ò sọ ọ́ di tìẹ. Mo lọ béèrè èyí ní ọ́fíìsì kan nínú ìlú yìí, wọ́n ní kí n padà wá, mo padà, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn, lọ sí ọ́fíìsì kejì, ọ̀hún ní ọ̀dọ̀ àwọn àkọ́kọ́ ni, akọ̀wé kan wá ń sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé tí mi ò bá tíì forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, mi ò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ẹ̀. Irọ́ gbuu! Látìgbà tó o bá ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ti wà, kò dìgbà tó o bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ.

Orúkọ náà ńkọ́. Dán fọ́ǹtì ẹ, ìyẹn irú lẹ́tà tí géèmù fi ń kọ̀wé, wò kó o tó fẹ́ràn orúkọ. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ àti àmì orí ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀, fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n á já àmì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó gbé àpótí òfìfo jáde, wàá ní akọni tó ń jẹ́ Ọdẹ́wọlé, ojú ìjà á kọ "□d□w□lé". Noto Sans ṣe é dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni. Lẹ́tà Hausa náà, ɗ àti ƙ, dán wọn wò. Ojú ibi tí MV ti ń jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ tẹ orúkọ, kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ níbẹ̀, torí náà ìwọ ni kó o sọ wọ́n lórúkọ.

Má sì fi Ṣàngó ṣe akọni o, mo rí i nínú ohun tó o kọ. Ti àwọn tó ń bọ ọ́ àtàwọn tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ wà lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì á bá ẹ fà á. Wàhálà ibẹ̀ gan-an ni pé Ṣàngó ti ń sọ ẹdùn àrá láti level 1, ibo ló kù tó fẹ́ dàgbà dé? Ọmọ tó ń gbálẹ̀ ojúbọ ẹ̀, tó jí oṣé gbé láìmọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ìyẹn dáa ju Ṣàngó fúnra ẹ̀ lọ. Bákan náà ni Amina ti Zazzau, jẹ́ kó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ìlú, ẹlẹ́ṣin kékeré kan tó fẹ́ dà bíi ẹ̀ ni kó o jẹ́ kí wọ́n gbá.

Kí lo tiẹ̀ béèrè? Mẹ́ta àbí mẹ́rin. Mẹ́rin ni MV ń gbà lójú ìjà, Final Fantasy àkọ́kọ́ ní 1987 náà mẹ́rin ni, èèyàn á ṣà wọ́n nínú oríṣi mẹ́fà. Àwọn ará Kamẹrúùnù tó ṣe géèmù Aurion ní 2016, orí Enzo àti ìyàwó ẹ̀ Erine ni wọ́n gbé e lé. Ìwọ tó o dá wà, tó jẹ́ iná Kubwa lo fẹ́ fi ṣe é, mẹ́ta. Àwòrán 198 nìyẹn, ó ṣì tó èèyàn í ṣàárẹ̀. Ẹlẹ́ṣin yẹn, jẹ́ kó bá wọn pàdé ní àárín ìrìnàjò, tówó bá tán kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ wá. Tí àpótí mẹ́ta bá ti ń jà, gbé fáìlì ẹ̀ síbí ká gbá a.