Ìbéèrè Yín: Kí Ló Pa Irè Oko Nobita?

Ìbéèrè: Géèmù iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, Doraemon Story of Seasons, ni mò ń gbá lórí kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, gbogbo ohun tí mo gbìn ti kú, bẹ́ẹ̀ mo ń bomi rin wọ́n. Nobita, ọmọkùnrin tí mò ń darí nínú géèmù náà, a tún máa dákú sóko. (Òǹkàwé kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ó dunni. Ìgbà ló yí, kì í ṣe ẹ̀bi omi. Ìgbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ bíi ti Japan: ìrúwé, ooru, ìwọ́wé, òtútù. Kò dà bí ẹ̀gẹ́ tiwa tó ń la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá nínú ilẹ̀. Irúgbìn ìrúwé kò ní rí ọjọ́ kìíní ooru. Ẹ ka iye ọjọ́ tó kù kí ẹ tó ra irúgbìn. Tí kò bá tó kí ó fi so, ẹ tọ́jú owó yín.

Ní ti dídákú, gbogbo ìgbà tí Nobita bá fi ọkọ́ tàbí àáké lu nǹkan ni agbára rẹ̀ ń dín. Ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀ kí agbára náà tó tán. Oorun yẹn ń jẹ àkókò o, ẹ fi sọ́kàn. Lọ́jọ́ òjò, ẹ má bomi rin nǹkan kan.