Sípíkà Tó Ń Kùn Bí Oyin: Níbo Ni Ìró Náà Ti Ń Wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, ni mò ń gbé. Wọ́n fi risífà ilé-sinimá kan ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ra sípíkà méjì tó ní ámpílífáyà nínú, irú èyí tí wọ́n ń lò ní sitúdíò. Mo ti so wọ́n pọ̀, ohùn ń jáde, àmọ́ ìró kan ń kùn lábẹ́ orin láìdákẹ́, bí mo tilẹ̀ yí fọ́lúùmù risífà wálẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń bá wa ṣe iná ní kí n ṣẹ́ irin kẹta ẹnu púlọ́ọ̀gì sípíkà, ó ní yóò dákẹ́. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ibo gan-an ló sì yẹ kí n ti fa wáyà jáde lẹ́yìn risífà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣẹ́ ẹ. Irin kẹta yẹn, áàtì, ni iná ń gbà lọ sínú ilẹ̀ bí wáyà iná bá já nínú sípíkà tó sì kan páànù ara rẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ìró náà lè dákẹ́ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú sípíkà náà, wáyà ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí risífà nìkan ni iná máa rí gbà. Yóò bọ́ sára risífà, yóò bọ́ sára tíífì, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn wọ́n ló máa gbé. Ìró tó ń kùn kò tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí wá ojútùú sí.

Nínú ohun tí ẹ kọ, ibì kan ló ṣe pàtàkì jù: pé ẹ yí fọ́lúùmù wálẹ̀, ìró náà kò sì dín kù. Ó fi hàn pé ẹ̀yìn fọ́lúùmù ló ti ń wọlé, ìyẹn láàárín risífà àti sípíkà, tàbí nínú sípíkà fúnra rẹ̀. Ká ní ó ń bá orin bọ̀ láti inú dìkódà ni, ìbá máa lọ sókè sódò bí ẹ ṣe ń yí fọ́lúùmù.

Ní ti ibi tí ẹ ó ti fa wáyà: ẹ wá ibi tí wọ́n kọ PRE OUT sí, níbi tí ohùn ti ń jáde kí ámpílífáyà inú risífà tó sọ ọ́ di ńlá, ihò FRONT L àti FRONT R. Ẹ má fà á tààrà láti ibi tí wọ́n kọ SPEAKERS sí. Risífà tó ń ti 100 wáàtì sórí sípíkà 8 ohm ń gbé bíi 28 fólítì jáde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1 sí 2 fólítì péré ni ẹnu sípíkà yín ń retí. Bó bá jẹ́ pé SUBWOOFER PRE OUT nìkan ló wà lẹ́yìn risífà náà, báàsì nìkan ló ń gba ibẹ̀ jáde, kò lè ṣiṣẹ́ fún sípíkà ọ̀tún àti òsì. Nígbà náà, ẹ ó wá àpótí kékeré tí àwọn tó ń ṣe rédíò ọkọ̀ fi ń sọ ohùn ńlá sípíkà di kékeré, kó wà láàárín ibi SPEAKERS àti sípíkà yín. Èyí tó ní tiransífọ́mà nínú ni kí ẹ rà, torí nínú àwọn risífà kan, ẹnu dúdú ibi SPEAKERS kò sí lórí áàtì rárá. Bí wáyà áàtì bá kàn án, ámpílífáyà inú risífà lè jó.

Wàyí o, ìró náà fúnra rẹ̀. Sípíkà yín méjèèjì ní áàtì. Okùn iná risífà, ní tirẹ̀, wáyà méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kódà bí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá jẹ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó ń rí áàtì gbà láti ibòmíràn: láti ara àwo dìkódà tí wọ́n fi irin dè mọ́ ògiri tàbí tí wọ́n ri mọ́lẹ̀, láti ara kọ̀ǹpútà, àní láti ara sípíkà kejì tó wà lójú sókẹ́ẹ̀tì òdìkejì yàrá. Áàtì méjì kì í sábàá dọ́gba. Iná díẹ̀ á máa sáré láti ara ọ̀kan lọ sí èkejì, àwọ̀n bàbà tó yí wáyà ohùn ká ló sì ń gbà kọjá. Wáyà RCA, irú èyí tó ń ti ihò PRE OUT jáde, kò sì ní ju ọ̀nà méjì lọ, wáyà àárín àti àwọ̀n yìí. Àwọ̀n yìí kan náà ni orin ń gbà padà. Bí 10 mílíámípíà bá gba àwọ̀n tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 0.1 ohm, ìdá kan nínú ìdá 1,000 fólítì kan yóò jókòó sórí rẹ̀, sípíkà yóò sì kà á mọ́ orin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin 1 fólítì, ó kéré. Lóru tí àdúgbò ti dákẹ́, etí á gbọ́ ọ.

Iná NẸ́PÀ wa ń mì nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí ìró áàtì fi máa ń wúwo, hùùù, ní 50 tàbí 100 Hz. Bí tiyín bá mú tó ń han bí i zzzz, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá wà lórí ìnfátà nìkan ló ń ṣe é, ìnfátà tí iná rẹ̀ kò dán ni kí ẹ fura sí. Ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń wá. Ẹ pa sípíkà kí ẹ tó fa wáyà RCA èyíkéyìí yọ tàbí kí ẹ tó kì í bọ ihò, torí irin àárín rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ihò kí àwọ̀n tó kàn án, ariwo tó máa ń bú jáde nígbà náà lè ya sípíkà. Ẹ yọ wáyà ohùn kúrò lẹ́yìn sípíkà, kí ẹ tan sípíkà nìkan. Bó bá ṣì ń kùn láìsí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, inú sípíkà ni àìsàn wà, ó lè jẹ́ kápásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ló ti rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ yọ gbogbo wáyà tó wà lẹ́yìn risífà, HDMI, dìkódà, éríà rédíò, kó ku iná àti ihò PRE OUT, kí ẹ wá so sípíkà padà. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa dá àwọn yòókù padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ́tí. Èyí tí ẹ bá kì bọ ihò tí ìró fi bẹ̀rẹ̀, òun ni. Wáyà àwo dìkódà ló sábà máa ń jẹ́.

Bó bá jẹ́ pé sípíkà méjèèjì nìkan ti ń fa ìró láìsí dìkódà, ẹ kó risífà, sípíkà àti tíífì sórí ẹkisitẹ́nṣọ̀n kan ṣoṣo, lójú sókẹ́ẹ̀tì kan. Sókẹ́ẹ̀tì 13 ámípíà lè gbé bíi 2,990 wáàtì, ohun èlò yín kò sún mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ tú ẹkisitẹ́nṣọ̀n náà wò kí ẹ tó fọkàn tán an: ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ní ihò mẹ́ta lójú, wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe iná fi mítà wọn sókẹ́ẹ̀tì. Láàárín wáyà iná àti áàtì, ó yẹ kó rí ohun tó sún mọ́ 230 fólítì. Láàárín niútírà àti áàtì, fólítì díẹ̀ péré. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé yín kò ní áàtì tó dáa, kò sì sí wáyà ohùn tó lè wo ìyẹn sàn. Lásìkò ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, áàtì tó dáa lásìkò òjò pàápàá lè di aláìlágbára; kí wọ́n ri ọ̀pá bàbà tó gùn sí i wọlẹ̀.

Bó bá jẹ́ àwo dìkódà ni, ẹ má ra ohun tó ń gé áàtì lórí wáyà rẹ̀. Dìkódà ń rán 13 tàbí 18 fólítì gba wáyà yẹn lọ sí orí àwo. Bí ẹ bá dínà rẹ̀, àwòrán á lọ. Ohun tí mo fara mọ́ jù ni pé kí HDMI dìkódà lọ tààrà sí tíífì, kí ẹ wá fi wáyà oníná-ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn láti ihò OPTICAL tíífì sí ti risífà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú wáyà yẹn, kò sí irin nínú rẹ̀, áàtì kò lè bá a kọjá. Kò gbọ́dọ̀ sí HDMI mìíràn láàárín tíífì àti risífà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn kan náà padà.

Sípíkà sitúdíò sábà máa ń ní ihò XLR, ihò roboto olójú mẹ́ta, èyí sì dùn mọ́ mi, torí wáyà tó ní ọ̀nà mẹ́ta ni ojútùú tó dáa jù. Ẹ ra wáyà máíkì tó ní wáyà méjì nínú àwọ̀n. Wáyà pupa lọ láti irin àárín RCA sí pín 2 XLR. Wáyà dúdú lọ láti ara òde RCA sí pín 3. Àwọ̀n lọ sí pín 1 ní ọ̀dọ̀ sípíkà. Ní ọ̀dọ̀ RCA, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ dúdú. Nísinsìnyí, àwọ̀n ni iná áàtì yóò máa gbà, orin yóò gba pupa àti dúdú, sípíkà yóò sì ka ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì nìkan. Bí ìró díẹ̀ bá ṣì kù, ẹ gé àwọ̀n kúrò ní ọ̀dọ̀ RCA nìkan. Ṣùgbọ́n bí sípíkà kò bá ní áàtì, ẹ má gé e, yóò burú sí i. Ádápítọ̀ RCA-sí-XLR olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà kò ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti so pín 1 mọ́ pín 3 nínú rẹ̀.

Bí gbogbo èyí kò bá tíì pa ìró náà, tiransífọ́mà ohùn, 10k sí 10k (ìyẹn 10,000 ohm ní ẹnu méjèèjì), ni kí ẹ fi kẹ́yìn, kí ó sì wà nítòsí sípíkà. Èyí tó rọ̀jù lówó máa ń jẹ báàsì.

Ẹ yí bọ́tìnì ìwọ̀n ohùn ẹ̀yìn sípíkà sí àárín, kí ẹ máa fi risífà ṣe fọ́lúùmù. Risífà ni kí ẹ máa kọ́kọ́ tàn, sípíkà ni kí ẹ máa kọ́kọ́ pa.