Ṣé inú sàréè nìkan ni mùmínì ti ń sinmi?

ÌBÉÈRÈ: Ààfáà wa, às-sàláámù àlékúmù. Aránṣọ ni mí ní Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́hun fi ta mí lọ́rẹ, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń jí. Màá pọnmi, màá dáná, màá múra fún àwọn ọmọ. Tí mo bá ti dé ṣọ́ọ̀bù, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà mìíràn sì wà tí mò ń rán aṣọ ẹbí mọ́jú. Mo ń gba àwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, mi ò sì kí ń pa àsàlátù Sánńdè, ìpàdé àdúrà wa, jẹ. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, oorun ń gbé mi lọ lórí ìforíkanlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti sùn kọjá Súbùhì, ìrun àárọ̀. Èékánná ọwọ́ mi gan-an, n ò ráyè gé e. Mo sọ fún ìyá kan ní àsàlátù pé mo fẹ́ máa dúró sílé ní Sánńdè kan lóṣù kí n lè sinmi. Ó ní inú sàréè ni mùmínì ti ń sinmi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ṣé mo sì lè máa kó Àílà, ìrun ọ̀sán, pọ̀ mọ́ Alásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́, kí iṣẹ́ lè yá? Ìyá Ràfíátù ni mí.

ÌDÁHÙN: Wa àlékúmù sàláámù, Ìyá Ràfíátù. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ọmọ. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ọkàn yín lè balẹ̀ ka ìyókù.

Ìyá tó bá yín sọ̀rọ̀ kò gbèrò ibi. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe kọ́ àwọn sàábé rẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn tó bá a gbé ayé. Ànọ́bì so méjì nínú wọn, Salmán àti Abú Dárdáì, pọ̀ bí ọmọ ìyá. Lọ́jọ́ kan, Salmán lọ kí i nílé, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ tó ti gbó. Ó bi í pé kí ló dé. Ìyàwó ní, “Arákùnrin rẹ ni, ayé ò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́.” Nígbà tí Abú Dárdáì dé, ó gbé oúnjẹ ka iwájú àlejò, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Salmán ní òun ò ní fi ẹnu kan án bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ ò bá jẹ. Ó bá a jẹ. Ilẹ̀ ṣú, Abú Dárdáì fẹ́ dìde kírun. Salmán ní, “Sùn.” Ó tún fẹ́ dìde, ó tún ní, “Sùn.” Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́ ló wá sọ pé, “Ó yá, dìde.” Àwọn méjèèjì kírun. Ó wá sọ fún un pé Olúwa rẹ ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn rẹ, ara rẹ ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn rẹ, ará ilé rẹ náà ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn rẹ, fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Abú Dárdáì gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ànọ́bì lọ. Èsì Ànọ́bì ò gùn: “Òótọ́ ni Salmán sọ.” Inú ìwé Bukhari ni hádíìsì yìí wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ aránṣọ, ẹ kíyè sí i pé aṣọ ni Salmán kọ́kọ́ rí. Ìjọ́sìn ọkùnrin yẹn pọ̀, àmọ́ ará ilé ló ń san owó rẹ̀. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ tó lò: ẹ̀tọ́. Kò pe ìsinmi ní fàájì tí èèyàn ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá tán, nítorí iṣẹ́ kì í tán. Gbèsè ni. Bí ẹ bá jẹ ẹnì kan lówó, ẹ ò ní ní kó dúró dìgbà tí owó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín.

Ní ti oorun tó ń gbé yín lórí ìforíkanlẹ̀, Ànọ́bì wọ mọ́sáláṣí lọ́jọ́ kan, ó rí okùn tí wọ́n ta sáàárín òpó méjì. Wọ́n ní ti Sáénábù ìyàwó rẹ̀ ni, tó bá ti rẹ̀ ẹ́ lórí ìrun, á di okùn mú. Ànọ́bì ní kí wọ́n tú u, kí èèyàn máa kírun nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, tó bá rẹ̀ ẹ́, kó jókòó. Ó tún sọ pé ẹni tó ń tòògbé lórí ìrun, kó lọ sùn ná, kó má lọ jẹ́ pé ibi tó ti fẹ́ tọrọ àforíjìn ni yóò ti máa ṣépè fún ara rẹ̀. Nàáfílà, ìrun tí kì í ṣe ọ̀ranyàn, lèyí kàn o. Ọ̀ranyàn kò ṣeé sùn lé títí àsìkò rẹ̀ á fi lọ.

Ìdí nìyẹn tí Súbùhì yín fi ká mi lára ju àsàlátù lọ. Ẹni tí oorun gbé kọjá ìrun láìmọ̀ọ́mọ̀, kò lẹ́ṣẹ̀, kó kí i bó bá ti jí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ránṣọ di aago méjì òru, tó sì mọ̀ pé òun ò ní lè jí, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Àsàlátù dára, èmi náà ń lọ. Bí mo bá ní láti mú ọ̀kan, Sánńdè kan nílé pẹ̀lú Súbùhì lásìkò lèmi máa mú fún yín. Ẹ lè fi àwẹ̀ mẹ́ta lóṣù dípò Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè fúngbà díẹ̀. Ohun tí Ànọ́bì kọ́kọ́ sọ fún sàábé rẹ̀, Abdullah ọmọ Amru, nìyẹn. Ọ̀dọ́ ni, ó ní òun lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó darúgbó, ó kábàámọ̀ pé òun ò gba ìrọ̀rùn náà.

Ẹ má bínú bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín díẹ̀. Èmi náà ti gbé aṣọ Ìtùnú Àwẹ̀ fún télọ̀ rí, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn yídì ni mo tó rí i gbà. Kì í ṣe pé télọ̀ yẹn ń ṣọ̀lẹ. Ó gba iṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ ni. Mo fura pé ibẹ̀ ni oorun yín ń gbà lọ. Ẹ kọ iye aṣọ tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì lè rán ní ọ̀sẹ̀ kan sínú ìwé. Bó bá ti kún, ẹ sọ fún oníbàárà pé àyè ò sí, àfi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ó sọ pé wọ́n á gbé aṣọ ẹbí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí wọ́n gbé e lọ. Ọwọ́ Ọlọ́hun ni arísìkì wà, àmọ́ kí èèyàn dá ọjọ́ kó sì máa yẹ̀ ẹ́ wà lára àmì mùnáfíkì mẹ́ta tí Ànọ́bì kà fún wa.

Kíkó Àílà pọ̀ mọ́ Alásárì nítorí kí iṣẹ́ yá? Rárá o. Nínú Súrátù Nísáì, áyà 103, Ọlọ́hun ní ìrun jẹ́ ọ̀ranyàn tó ní àsìkò. Lóòótọ́, ọmọ Abáásì, sàábé Ànọ́bì, gba ọ̀rọ̀ wá pé Ànọ́bì ti kó ìrun pọ̀ rí ní Mẹ̀dínà láìsí ìbẹ̀rù tàbí òjò, kó má baà ni ìjọ rẹ̀ lára. Àwọn onímímọ̀ tó mú un lò ní ìnira tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló wà fún, kì í ṣe ohun àṣelójoojúmọ́. Ẹ̀yin ẹ tiẹ̀ wò ó: bí ẹ bá kó o pọ̀, ẹ ti ta ìsinmi kan ṣoṣo tí ẹ ní lọ́sàn-án. Ẹ dá maṣíìnì dúró, ẹ ṣe àlùwàlá, ẹ kí Àílà, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní ìrun yẹn fún ogún ìṣẹ́jú. Oorun ọ̀sán wà nínú Àlùkùránì, nínú Súrátù Núrù, áyà 58, níbi tí Ọlọ́hun ti mẹ́nu ba ìgbà tí èèyàn ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Ta ló tiẹ̀ ń gbé aṣọ wá nínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́?

Lálẹ́, bí ẹ bá ti kí Ìṣáì, ẹ gbé fóònù jìnnà. Ànọ́bì kì í fẹ́ ìtàkurọ̀sọ lẹ́yìn Ìṣáì, WhatsApp náà sì ni ìtàkurọ̀sọ tiwa. Fátímọ̀ ọmọ rẹ̀, tí ọlọ ti dá lápá lọ́wọ́, wá tọrọ ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ànọ́bì ní tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ sùn, kí wọ́n ṣe Subhanallah 33, Alhamdulillah 33, Allahu Akbar 34, ó sàn fún wọn ju ìránṣẹ́ lọ. Orí ibùsùn ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ má ṣe é nídìí maṣíìnì.

Ti èékánná, Anas, sàábé Ànọ́bì, gba ọ̀rọ̀ wá pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá ogójì ọjọ́. Ẹ gé e ní Jímọ̀ yìí, kí ẹ tó wẹ̀ lọ sí mọ́sáláṣí.

Ọ̀rọ̀ kan kù, bàbá Ràfíátù ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí wọn létí, ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ kà á. Wọ́n bi ìyá wa Áíṣátù pé kí ni Ànọ́bì máa ń ṣe nínú ilé. Ó ní iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa ń bá wọn ṣe, bí àsìkò ìrun bá tó, á jáde lọ kírun. Omi aago mẹ́rin ààbọ̀ yẹn, ọkùnrin náà lè pọn ọ́n.